Ìrìn Àjò Hafeezah sí Ayépé

Ní ilé Àlàájà Mùínátù ní Fọlágbadé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀. Kì í ṣe èébú, kì í sì í ṣe orúkọ àìsàn. Sánsíbà ni, erékùṣù kan lójú òkun ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí Hafeezah, ọmọbìnrin Àlàájà, ti fẹ́ lọ ṣiṣẹ́. Bó bá di dandan kí wọ́n dárúkọ ibẹ̀, Ayépé ni wọ́n ń pè é. "Ìwé Ayépé ti dé?" "Àwọn ará Ayépé ti fèsì?" Aládùúgbò tó bá gbọ́ wọn á rò pé ilẹ̀ ni wọ́n ń rà ní Ayépé, ìlú kékeré tó wà lọ́nà Odògbolú, tí ọ̀kadà ń gbé èèyàn dé kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Ẹ má dá Àlàájà lẹ́bi. Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ kò tíì kìlọ̀ fún pé kó má ròyìn ìrìn àjò kó tó débẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ wa ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n pè wá láti òkè òkun pé òtútù ń pa àwọn la tó mọ̀ pé wọ́n ti kúrò nílé. Àlàájà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó sì ní ẹ̀rí: ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ròyìn físà Kánádà níbi ìsọmọlórúkọ, físà náà kò jáde títí dòní.

Hafeezah nìkan ni Àlàájà bí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, kò ga, kò sanra, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbì kan. Ó ṣì kéré nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Páìpù omi àti ẹnu ẹ̀rọ tí ìyá rẹ̀ ń tà ni wọ́n fi tọ́ ọ, páìpù náà ló sì mú un mọ omi. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, Àlàájà mú un dání lọ kó ọjà fún Ọ̀gá Bọ́dúnrìn, olùkọ́ eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ ilé àlejò oníyàrá mẹ́fà sí ọ̀nà Ìmùṣin, tó sì gbẹ́ púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Àwọn èèyàn ní orí Ọ̀gá ti dàrú, pé ta ni yóò wá lúwẹ̀ẹ́ lọ́nà Ìmùṣin? Lọ́jọ́ tí omi kún púùlù náà, Hafeezah ló kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀, taṣọ-taṣọ. Ọ̀gá fà á jáde, kò nà án, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé kí òun kọ́ ọ.

Àlàájà gbà. Ṣùgbọ́n òun tó ń ta ohun tí omi ń gbà kọjá kò jẹ́ kí omi kọjá orúnkún òun rí. "Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ," ló máa ń wí. Á wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀gbẹ́ púùlù, á máa wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹran kaná.

Nígbà tí Hafeezah parí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tí iṣẹ́ ìjọba kò sí, Ọ̀gá ní kó máa bọ̀ wá kọ́ àwọn èèyàn ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ó sì ń kọ́ wọn: ọmọ oníṣòwò, ọmọ olùkọ́, títí kan àwọn ìyálé ilé láti Odògbolú tí wọ́n ń wá lọ́jọ́bọ̀, nítorí pé ọkùnrin kì í wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti tó ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ yìí nígbà tí àlejò kan wá sùn síbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń mòòkùn ní èbúté Èkó láti tún ìdí ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó gbé àgbá afẹ́fẹ́ rẹ̀ wá sínú púùlù láti dán an wò, ó sì jẹ́ kí Hafeezah gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Hafeezah fi wà nísàlẹ̀ omi. Kò rí nǹkan kan ju táìlì lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ èémí ara rẹ̀, tó ń wọlé, tó ń jáde, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ bí kò ṣe balẹ̀ rí láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ìgbà tó fi máa yọrí, ó ti mọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe láyé.

Mímọ iṣẹ́ kò le, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni ọ̀rọ̀ wà. Odò Yemọjì tiwa yìí dára, ṣùgbọ́n kò ní ẹja aláràbarà tí àlejò yóò torí rẹ̀ wọ bàálù. Hafeezah bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé kiri, sí Íjíbítì, sí Máàdífù, sí Málítà. Àwọn kan kò fèsì. Àwọn kan ní olùkọ́ tó gbọ́ èdè Rọ́ṣíà ni àwọn ń wá. Ọ̀kan yìn ín títí, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ orílẹ̀-èdè tó ni páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ó dákẹ́ bí ẹni tí kírẹ́díìtì tán lórí fóònù rẹ̀. Ajẹ́ńtì kan ní Èkó tó ń jẹ́ Mobọ́lájí ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, òun á gba físà ìgbafẹ́ fún un. "Ṣáà débẹ̀ ná, sístà mi. Bó o bá ti débẹ̀, o máa mọ bí wàá ṣe ṣe é." Hafeezah ti kàwé tó láti mọ̀ pé físà ìgbafẹ́ kì í ṣe físà iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ inú òkun níbi tó ti ń kọ́ni láìní ìwé àṣẹ, wọ́n á dá a padà sílé, orúkọ rẹ̀ á sì wà nínú kọ̀ǹpútà wọn títí. Ilé iṣẹ́ tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tọrọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún òun lọ́dọ̀ ìjọba ló ń wá, kí físà wá tẹ̀ lé e. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Mobọ́lájí, ó sì pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́.

Ilé ìmòòkùn kékeré kan ní Sánsíbà ló wá ṣílẹ̀kùn. Obìnrin ni máníjà wọn, Salma lorúkọ rẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin Mùsùlùmí ń ti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ ìmòòkùn lọ́dọ̀ àwọn, wọn kò sì fẹ́ kí ọkùnrin máa di bẹ́líìtì mọ́ wọn nídìí. Olùkọ́ obìnrin tó ń bo orí wọ omi sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ wá wo ayé: aṣọ gígùn tí àwọn kan fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ Hafeezah lọ́nà Ìmùṣin ló wá di oríire rẹ̀. Ó kó ohun tó ti ń tọ́jú jọ, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti oṣù kẹfà èṣí.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Àlàájà sọ fún gbogbo ayé pé ó lọ bá àǹtí rẹ̀ kan tó bímọ wẹ ọmọ ní Ayépé. Ọ̀gá Bọ́dúnrìn wà nínú gbogbo ayé náà. Nígbà tí Hafeezah padà dé, tó dúdú bí ìdí ìkòkò, Ọ̀gá wò ó títí, ó ní, "Oòrùn Ayépé mà le o!" Ojú ti Hafeezah débi pé kò lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀.

Lọ́dún yìí ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ Salma pé àyè ṣí. Kí Hafeezah wá máa ran olùkọ́ lọ́wọ́, kó parí ẹ̀kọ́ tirẹ̀ níbẹ̀, kó sì di olùkọ́ gan-an. Àwọn á tọrọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún un. Wọ́n béèrè páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ìwé dókítà pé etí àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dá ṣáká, ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ìmòòkùn rẹ̀ sí, àti nọ́ńbà ọ̀gá ibi tó ti ń kọ́ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ni wọn yóò fi orúkọ ránṣẹ́ sí ìjọba. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé nígbà náà, ó di ọdún tó ń bọ̀, bí àyè bá tún ṣí.

Hafeezah kọ nọ́ńbà Ọ̀gá Bọ́dúnrìn ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló rìn dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ láti sọ fún un, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ló bi í pé ṣé wọ́n ti ra kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sómi.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì náà, bó ṣe ń kó àwọn ọmọ jáde nínú omi lọ́sàn-án, Ọ̀gá jáde sí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, wọ́dìn ni ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, fèrè olùkọ́ eré ìdárayá ṣì máa ń wà lọ́rùn rẹ̀.

"Hafeezah, jókòó. Mo gbà ẹ́ sílẹ̀ lónìí."

"Lọ́wọ́ ta ni, sà?"

"Àwọn gbájúẹ̀! Obìnrin kan ló pè, ohùn rẹ̀ kò jọ ti ibí. Ó pe orúkọ rẹ, ó pe ti bàbá rẹ, kò ṣì í pè. Ó ní o wà lọ́dọ̀ àwọn ní Sánsíbà lóṣù kẹfà èṣí. Mo ní háà, ọwọ́ ti bà yín. Lóṣù kẹfà èṣí, ta ni kò mọ̀ pé Ayépé lo wà?"

Hafeezah nu omi kúrò lójú. "Kí lẹ wá sọ fún un, sà?"

"Mo ní a kò ní ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ nìyí ni? Mo ní a kò ní púùlù kankan. Mo ní àgbàdo la gbìn sẹ́yìnkùlé." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ló máa fi ọmọ ẹni han àlejò?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Ayépé kò tíì lò tó ọdún méjì. Hafeezah jókòó sórí táìlì tó tutù, pẹ̀lú aṣọ tó ń kán tótó, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ látorí àǹtí tí kò bímọ dé orí nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́.

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gá. Ó bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn, ó fi í sínú àpò.

"Ọdún mẹ́tàdínlógún," ló wí. "Èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń mí nínú omi. Kí lo rò pé màá fi ẹ́ ṣe, Hafeezah?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Kì í ṣe ìbínú." Ó yíjú padà, ó wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ì bá sàn fún Hafeezah kó gbá a mọ́ férémù.

Kó tó délé, ìmeèlì Salma ti wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó kọ ọ́ tìtìjú-tìtìjú. Ó ní àwọn pe nọ́ńbà tí Hafeezah fún wọn, ẹni tó gbé e ní kò sí púùlù níbẹ̀. Ó ní àwọn kò lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú ìjọba. Bí àlàyé bá wà, kó dé kó tó di Jímọ̀.

Nígbà tí Àlàájà gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Ṣé mo sọ? Ayé ti gbọ́!"

"Màámi, ayé kò gbọ́," ni Hafeezah dáhùn. "Wàhálà tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo gbọ́, Ọ̀gá ì bá ti mọ ohun tó máa sọ." Inú ń bí i, kò sì fi pa mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe Ayépé létí mi mọ́."

Kò gbóhùn sókè sí ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àlàájà dìde. Ó bu omi sínú kẹ́tùrù, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájà kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti jáde kí Hafeezah tó múra tán. Ìgbà tí Hafeezah dé ọ̀nà Ìmùṣin ló bá ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá Bọ́dúnrìn, tòun ti híjáàbù tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá.

"Ọ̀gá, èmi ni mo purọ́. Ọmọ yìí fẹ́ sọ fún yín, èmi ni mo dí i lẹ́nu. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ẹ́ níyà."

"Ẹ dìde, Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi irọ́ bá èèyàn wí? Èmi tí mo gbin àgbàdo sínú púùlù!"

Àlàájà ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá tẹ̀ lé e. Hafeezah dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún.

Ọ̀gá pe Salma. Salma bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò rọ̀. Ó ní ẹni tó sọ lọ́jọ́ Ajé pé púùlù kò sí, tó ní ó wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èwo ni kí òun gbà gbọ́? Ó ní kí wọ́n pe òun padà lọ́la lórí fídíò. Òun fẹ́ rí omi náà, òun fẹ́ rí i kí Hafeezah kọ́ni nínú rẹ̀, òun sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti kọ́. Ọ̀rọ̀ wá di kí wọ́n kó èèyàn jọ, wọn kò sì lè kó èèyàn jọ láìsọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Ọ̀gá na ọwọ́ sí ìwé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti máa pè wọ́n. Àlàájà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n fúnra mi. Èmi ni mo pa á mọ́." Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. "Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi ni ìyá Hafeezah. Ọmọ mi fẹ́ rìnrìn àjò lọ sókè òkun, ẹ wá bá wa jẹ́rìí." Ní ìpè àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Nígbà tó fi máa di ìkẹwàá, ó ti ń ṣàlàyé fún wọn bí ìwé àṣẹ iṣẹ́ ṣe yàtọ̀ sí físà ìgbafẹ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, èèyàn bí ọgbọ̀n ló wà létí omi. Ayọ̀fẹ́, nọ́ọ̀sì kan láti Odògbolú tí Hafeezah kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́, ló di fóònù mú. Ọ̀gá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, fèrè ti padà sọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Ìyáàfin, àgbàlagbà ni mí, wọ́dìn sì ni mí. Mo parọ́ fún yín lọ́jọ́ Ajé. Púùlù mi rèé. Mo rò pé mò ń dáàbò bo ọmọ mi ni."

Hafeezah wọ omi. Kò ṣe àrà kankan. Obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, tí ẹ̀rù ń bà gan-an, ló mú lọ́wọ́, ó sì ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tẹ ojú bọmi tí yóò sì máa fẹ́ atẹ́gùn jáde díẹ̀díẹ̀. Kò kánjú. Ẹ̀ẹ̀kẹfà ni obìnrin náà tó ṣe é, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tò síwájú fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dárúkọ ara wọn àti ọdún tí Hafeezah kọ́ wọn. Salma ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó tọ́ka.

"Ìyá tó wà lábẹ́ igi yẹn ńkọ́? Ṣé ó kọ́ àwọn náà?"

Wọ́n ní rárá, pé ìyá rẹ̀ ni. Salma ní kí Ayọ̀fẹ́ gbé fóònù lọ bá wọn, ó sì kí Àlàájà ní sàláámà. Ó ní òun náà lọ́mọbìnrin. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá inú ìyá dùn sí i kí ọmọ máa bọ̀.

Ọ̀gá túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Àlàájà. Àlàájà wo omi, ó wo ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ẹ sọ fún un pé láti èṣí ni mo ti ń pe ìlú wọn ní Ayépé. Mo ní nítorí ọ̀tá ni. Ọ̀gá, n kò lọ́tàá kankan. Ta ló máa bá obìnrin tó ń ta páìpù ṣọ̀tá? Ayépé kò jìnnà ni. Bó bá jẹ́ Ayépé ló wà, mo lè gun ọ̀kadà lọ wò ó, kí n sì padà wálé kírun Àsárì."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ọ̀kadà, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ayọ̀fẹ́ ló bá a parí rẹ̀. Salma wá rọra béèrè pé, ṣé kó máa bọ̀?

Àlàájà kò dúró de ẹni tí yóò túmọ̀. Ó fa fóònù mọ́ra. "Yẹ́ẹ̀sì," ló wí, ó sì ń mi orí lemọ́lemọ́, kí ará òkè òkun má baà ṣì í gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, orúkọ Hafeezah wọlé pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ jáde, físà sì tẹ̀ lé e. Ṣọ́ọ̀bù ni Hafeezah ti kà á fún ìyá rẹ̀. Àlàájà ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù tó wà lápá ọ̀tún lọ, ó wọ tòdìkejì, ó ń ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn. "Hafeezah mi ń lọ sí Sánsíbà o! Iṣẹ́ olùkọ́ ló rí níbẹ̀!" Kó tó di Ìrun Ọ̀sán, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ní gbogbo Fọlágbadé. Ìgbà tó padà dé, tó jókòó sáàárín àwọn páìpù rẹ̀, ló tó sunkún.